Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Létí Adágún

Ẹrẹ̀ ni mo fi mọ adágún náà kí n tó fi ojú rí omi rẹ̀.

Fífọ bọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí nígbà tí a dé Skọ́tíláńdì. Ìyàwó mi ni wọ́n fún ní físà, nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí ó wá ṣe. Èmi àti ọmọ wa, Mojísọ́lá, kàn tẹ̀ lé e bí ẹrù tí a so mọ́ ẹrù ni. Ní ilé, awakọ̀ ni mí. Táksí ni mo ń wà láti Ìkọ̀lé sí Ìfàkì, nígbà mìíràn dé Adó, kò sì sí kòtò kan lójú ọ̀nà náà tí n kò mọ bí ó ti jìn tó. Níhìn-ín, ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń wà ni mo ń fọ̀. N kò ka iyẹn sí ìyà. Ọkọ̀ ṣì ni.

Bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló ní ìdọ̀tí tirẹ̀. Èyí tó ń lọ sí yunifásítì, ife kọfí ló máa ń wà lábẹ́ àga rẹ̀. Èyí tó ń lọ sí ọjà, rìsíìtì àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kan wà tí ẹrẹ̀ dúdú máa ń bo ilẹ̀ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá ní ọjọ́ Àìkú, ẹrẹ̀ tí ewé igi àti irun ajá lẹ̀ mọ́. Mo bi Íánì, àgbàlagbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ṣé oko ni bọ́ọ̀sì yìí ń lọ ni?"

"Adágún ni. Àwọn èèyàn ń lọ rìn níbẹ̀."

"Wọ́n ń rìn lọ síbo?"

"Wọn ò rìn lọ síbì kankan. Wọ́n á gba etí omi lọ, wọ́n á yí padà, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì wálé."

"Kí ni wọ́n máa ń gbé bọ̀?"

Íánì fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sílẹ̀. "Èyí tí ò ń fọ̀ yìí."

Mo rò ó títí. Ní Ìtapàjí tí wọ́n gbé bí mi, ẹni tó bá wọ igbó ń lọ tu iṣu ni, tàbí ó ń lọ ṣẹ́gi, tàbí ó ń wo okùn tí ó dẹ. Bí ènìyàn bá wọ igbó lọ́wọ́ òfo tó sì jáde lọ́wọ́ òfo, àwọn ará ilé rẹ̀ á rọra bi í bóyá orí ń fọ́ ọ.

*

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níhìn-ín kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jáde, mo kí ọkùnrin tó ń gbé ẹnu ọ̀nà tó kojú sí tiwa. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí mo ń kí. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó mi orí díẹ̀, ó sì yára wọlé. Láti ọjọ́ náà, mo ń kó ìkíni mi pamọ́ bí ẹni tó ń kó aṣọ ẹ̀ẹ̀rùn pamọ́.

Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ òru, èmi ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Ẹnu ọ̀nà ni a ti máa ń pàdé, òun á máa bọ́ bàtà rẹ̀, èmi á máa wọ tèmi. Mojísọ́lá nìkan ni mo ń rí dáadáa. Bóyá ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀rù mi fi kó jọ sí orí rẹ̀. Mo bẹ̀rù àtẹ̀gùn ilé wa, ajá àwọn ará àdúgbò, àti ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná. Mo bẹ̀rù ohun tí obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan sọ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú tí a kọ́kọ́ lọ, pé níhìn-ín, bí ìjọba bá rí i pé o kò mọ ọmọ tọ́, wọn á gbà á lọ́wọ́ rẹ. Obìnrin tó sọ ọ́ ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é.

"Ulé ńkọ́?"

"Ulé wà, Yèyé."

"Uṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun jù mí lọ."

"Ṣé omi wà nítòsí yín?"

"Omi wà níbi gbogbo, Yèyé. Òjò kì í dá."

"Òjò kọ́ ni mo bi ọ́."

Mo mọ ohun tó bi mí. Dáàmù, omi tí ìjọba sé, kò jìnnà sí ilé wa ní Ìtapàjí, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo fi dàgbà, n kò fi ẹsẹ̀ kan omi náà rí. Bí ènìyàn ṣe ń mọ ilé olówó ni mo ṣe mọ̀ ọ́n: o mọ ògiri rẹ̀, o mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, o kò mọ inú rẹ̀. Yèyé ló fà á. Ó ní omi tó bá dúró sójú kan, tí kò ṣàn lọ, ó ní ohun tó ń dúró dè.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mojísọ́lá jókòó síwájú oúnjẹ rẹ̀, ó ní, "Dádì, kíláàsì wa ń lọ rìn ní etí adágún."

"Ọkọ̀ wo ni yóò gbé yín?"

"Bọ́ọ̀sì tí ẹ máa ń fọ̀ yẹn."

"O ò lọ."

"Gbogbo kíláàsì ló ń lọ."

"Gbogbo kíláàsì kọ́ ni mo bí."

Ìyàwó mi ń di okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Kò gbé orí sókè. "Bàbá Mojí, ẹ ti fi ọmọ yìí sínú ìgò."

"Ìgò tí a bá dé dáadáa kì í rì."

"Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í mí."

Mojísọ́lá rẹ́rìn-ín, ó sì tètè fi ṣíbí bo ẹnu nígbà tí mo wò ó. Kò béèrè mọ́. Ọmọ tó máa ń gbọ́ràn ni. Ìgbọ́ràn rẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí ara mi má lélẹ̀, nítorí náà, ní ọjọ́ ìsinmi mi, mo wọ bọ́ọ̀sì náà láti lọ fi ojú ara mi rí ibẹ̀.

Bọ́ọ̀sì kúrò láàárín ilé, ó kọjá pápá àgùntàn, ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ní ibi tí ó ti yí padà, pákó kan wà tí wọ́n ya àwòrán ọ̀nà sí, àti géètì kékeré kan. Lẹ́yìn géètì náà ni omi wà. Ó dúdú bí aró, ó sì gbòòrò débi pé òkè tó wà ní òdìkejì rẹ̀ dàbí òkúta tí ọmọdé lè gbé. Kò sí ẹni tó ń pọn ọ́n, kò sí ẹni tó ń fọ aṣọ. Ọ̀nà náà gba àárín omi àti igbó lọ. Gbòǹgbò igi yọ jáde lórí rẹ̀, òkúta tútù wà níbẹ̀ tó ń yọ̀. Mo ṣẹ́ igi kan. Níbikíbi tí ọ̀nà bá ti súnmọ́ etí omi, mo ń ki igi náà bọ̀ ọ́ láti mọ bó ṣe jìn tó. Ní àwọn ibì kan, ó dé orúnkún. Ní ibòmíràn, igi kò kan ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí ìyá àgbà kan fi yọ pẹ̀lú ajá rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀," ó ní. "Ọjọ́ tó dára fún ìrìn ni."

Èmi náà wo ẹ̀yìn mi. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, tọkọtaya kan kí mi. Ọkùnrin kan tó ń sáré kí mi láìdúró, pẹ̀lú èémí lẹ́nu. Obìnrin kan tó pọn ọmọ sí àyà bi mí bóyá mo ti dé ibi odò tó ń já bọ́ láti orí òkè. N kò mọ iye ènìyàn tí mo kí ní ọjọ́ náà. Àwọn tó ń kọjá lára ara wọn nígboro bí ẹni pé ògiri ni wọ́n, etí omi yìí ni wọ́n fi ìkíni wọn pamọ́ sí. Níbẹ̀, wọ́n di ará àdúgbò kan náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti dé, ó ṣe mí bí ẹni pé bí mo bá ṣubú, ẹnìkan á bi mí ohun tó ṣe mí.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Mojísọ́lá pé kó lọ. Mo sọ fún un pé kó máa fi apá òkè rìn, kó má fi apá omi rìn.

*

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n lọ. Mo ń fọ táyà nígbà tí fóònù mi dún. Tíṣà rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ ń rọra jáde, bí ẹni tó ń gbé ẹyin.

Ó ní kùrukùru sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè lójijì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ jọ kí wọ́n lè padà. Mojísọ́lá kò sí láàárín wọn. Ọmọ kan ní òun rí i tó bẹ̀rẹ̀ láti di okùn bàtà. Wọ́n ti ń wá a. Wọ́n ti pe àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀.

N kò rántí ohun tí mo sọ. Mo rántí pé Íánì gba ọ̀pá omi lọ́wọ́ mi, ó pa á, ó sì ké sí awakọ̀ bọ́ọ̀sì adágún tó fẹ́ jáde. Obìnrin awakọ̀ náà wo ojú mi, ó ní, "Jókòó sí ẹ̀yìn mi."

Ọ̀nà yẹn, mo ti gbà á rí, ṣùgbọ́n kò gùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Bọ́ọ̀sì ń dúró ní gbogbo ibi tó yẹ kó dúró. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń gbọn agbòjò wọn, wọ́n ń yan àga. Àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Èmi tí mo ti wa ọkọ̀ mọ̀ pé kò lè fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú ọ̀nà, síbẹ̀ mo kórìíra gbogbo wọn, títí kan arúgbó tó ń wá owó nínú àpò rẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn orí awakọ̀ náà. Mo ń rí ibi tí igi mi kò ti kan ilẹ̀.

Kùrukùru ti bo adágún. Mo gbọ́ wọn kí n tó rí wọn. "Mojisọla! Mojisọla!" Ohùn ọkùnrin lápá ibí, ohùn obìnrin lápá ọ̀hún. Tíṣà rẹ̀ sáré wá bá mi, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú. Àwọn ọkùnrin méjì tó wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò wà pẹ̀lú rẹ̀, àti ìyá mìíràn tó ní ajá, ó kàn ń kọjá lọ ni, ó sì dúró bá wọn wá a.

"Kò lè ti jìnnà," tíṣà ní. "A ti ń pe orúkọ rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Tó bá gbọ́ wa, á ti dáhùn. Àfi tí..." Kò parí rẹ̀. Ó wo omi.

Èmi náà wo omi. Lẹ́yìn náà ni ohun tó sọ nípa ìdáhùn tó wọ̀ mí létí.

Ní ilẹ̀ wa, a kì í pe orúkọ ènìyàn nínú igbó. Bí a bá sì pe tìrẹ, o kò gbọdọ̀ dáhùn. Ẹni tí o kò rí ojú rẹ̀, o kò mọ ohun tó jẹ́. Bí igbó bá pín àwọn tó jọ lọ sóko níyà, ọ̀kan á ké húù, èkejì á ké húù padà, wọ́n á sì fi ohùn mọ ara wọn. Orúkọ, ilé là ń fi í sí kí á tó lọ sóko. Oko Yèyé ni Mojísọ́lá ti ń lo gbogbo ọlidé rẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Kí ó tó mọ ìwé kà ló ti mọ èyí.

"Ẹ má pè é mọ́," mo ní.

"Sà, a gbọ́dọ̀ máa pè é."

"Bí ẹ ti ń pè é, ẹ ń lé e ni. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dákẹ́."

Ọkùnrin kan nínú àwọn oníyẹ́lò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá tó ní ajá di apá rẹ̀ mú. Wọ́n dákẹ́.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, mo sì ké húù, bí bàbá mi ti máa ń ké e láti ìsàlẹ̀ oko. Ó gba orí omi lọ. Mo dúró. Kò sí ohun kankan. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí jù lọ láyé mi, nítorí kí n tó ké e, mo ṣì lè sọ pé nítorí orúkọ ni kò ṣe dáhùn. Ní báyìí, bí kò bá dáhùn, kò sí ohun mìíràn tí mo mọ̀.

Mo tún ké e.

Láti apá òkè, kì í ṣe láti apá omi, ohùn tín-ín-rín kan dáhùn: húù.

*

Ẹ̀yìn igi ńlá kan tó wó ló wà, ó ká orúnkún sí àyà, ó fi fìlà kóòtù rẹ̀ bo orí. Kò sunkún. Nígbà tó rí ojú mi ló tó mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu.

"Dádì, wọ́n ń pè mí," ó ní. "Wọ́n pọ̀. Mi ò dá wọn lóhùn rárá." Ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọ tó gba ipò kìíní. "Ọ̀kan tiẹ̀ gba ohùn tíṣà wa."

Tíṣà náà wà lẹ́yìn mi. Ó bi í pẹ̀lú sùúrù, ní èdè wọn, ìdí tí kò fi dáhùn. Mojísọ́lá wò mí. Mo rántí obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé mo lè sọ pé ọmọ náà sùn lọ. Ṣùgbọ́n mo sọ òtítọ́, bí mo ti kọ ọ́ síbí yìí, n kò sì fi nǹkan kan pamọ́.

"Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà yẹn," tíṣà ní, "èmi ni mo ń dẹ́rù bà á." Ó yí ojú padà, ó ń nu ojú rẹ̀.

Ọkùnrin oníyẹ́lò tó dàgbà jù kò sunkún. Ó rìn pẹ̀lú mi títí dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń yí padà, ó sì rọra sọ̀rọ̀ kí ọmọ má baà gbọ́. "Sà, mi ò bá ẹ jà lórí àṣà yín. Ṣùgbọ́n òtútù òkè yìí ń pa èèyàn. Ká ní ẹ ò wá lónìí, ẹ̀gbẹ́ ọmọ yẹn là bá dúró sí tí ì bá fi kú, à bá sì máa pe orúkọ rẹ̀."

Kò sí ọjọ́ kan tí n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn.

Mo pe Yèyé, n kò dúró di ọjọ́ Àìkú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Kò dáhùn?" ó ní.

"Kò dáhùn."

"Ọmọ mi. Ó gbọ́n."

"Yèyé, díẹ̀ ló kù kó kú."

"Kí ló fẹ́ pa á?"

"Àìdáhùn."

"Àìdáhùn kì í pa èèyàn. Ìdáhùn ló ń pa èèyàn."

"Àwọn tó ń pè é níbí, wọ́n fẹ́ gbà á là ni."

"Báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ̀?"

Mo ń gbọ́ àwọn adìẹ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹnìkan tó ń gún nǹkan.

"Bó bá wá padà wá síhìn-ín ńkọ́," ó ní, "tó bá dé inú ugbó, tó sì ń dá gbogbo ìpè lóhùn?"

"N kò mọ̀, Yèyé."

"Ìwọ lo wà níbẹ̀," ó ní. "Ṣe èyí tí á jẹ́ kí n tún fojú rí i."

*

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti Mojísọ́lá nìkan wọ bọ́ọ̀sì adágún. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ níhìn-ín," mo ní, "máa dá wọn lóhùn."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni."

"Bí mi ò bá rí ojú wọn?"

"Bí o ò bá tiẹ̀ rí ojú wọn."

"Yèyé ní..."

"Mo ti bá Yèyé sọ̀rọ̀."

Ó rò ó. "Tí kì í bá ṣe èèyàn ló ń pè mí ńkọ́?"

Mo wo àwọn àgùntàn inú pápá. "Níhìn-ín, èèyàn ni," mo ní. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò dá a lójú pé mo mọ̀.

A wọ géètì, a sì gba etí omi lọ. Mo sọ fún un pé kó máa lọ níwájú, kó gba ibi tí ọ̀nà ti yí, kó dúró síbi tí n kò ti ní rí i, kó sì dáhùn bí mo bá pè é. Ó lọ. Kóòtù pupa rẹ̀ ń kéré sí i láàárín igi, títí n kò fi rí i mọ́. Omi wà lápá ọ̀tún mi, kò mira.

N kò pe orúkọ ènìyàn nínú igbó rí. Ọmọ tí mo sọ lórúkọ fúnra mi, n kò lè pè é. Mo mí, mo sì pè é: "Mojísọ́lá."

Kò dáhùn. Mo mọ̀ pé ó gbọ́. Mo mọ bó ṣe dúró lẹ́yìn igi ọ̀hún, ọwọ́ lẹ́nu, tó ń yàn láàárín èmi àti ìyá mi.

"Mojísọ́lá."

Ẹyẹ kan fò kúrò lórí omi.

"Sà," ó ní.

Ohùn rẹ̀ kéré, ó sì mọ́. Mo rò pé inú mi á dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni mo dúró síbẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì wà nínú ilé. Mo tún pè é, kí ó lè mọ́ ọn lára. Ó tún dáhùn, kíá ju ti àkọ́kọ́ lọ.